Ìpínrọ̀ Tí Mo Yọ Kúrò

Ọdún méjì ni mo sọ fún bàbá mi pé màá lò. Orí ebè ni wọ́n wà ní oko wa l'Ógbóòro lọ́jọ́ náà, wọ́n ń darí ìtàkùn iṣu sórí ọ̀pá. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n kàn ní, "Ọdún méjì," bí ẹni tí wọ́n sọ iye ebè tó kù láti kọ fún. Ọdún keje ni mo ń lò lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ nílé wa débi tí ètè èèyàn á fi la. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Obìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní mo kí i, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mi orí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi náà ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìlanu. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bó ṣe yá mi lára tó yẹn ṣì ń dùn mí.

Iléeṣẹ́ tó gbà mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó gba yàrá kan tán. Nínú rẹ̀, ètò kan wà tó ń darí gbogbo ètò yòókù. Kánẹ́ẹ̀lì ni àwọn òyìnbó ń pè é, orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó wà nínú kóró èso, nítorí náà èmi ń pè é ní èkùrọ́ nínú ọkàn mi. Bí èkùrọ́ bá kọsẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á kú, iṣẹ́ gbogbo ilé á dúró. Ṣùgbọ́n kó tó kú pátápátá, á da gbogbo ohun tó wà níyè rẹ̀ sórí díìsìkì. Iṣẹ́ tiwa ni láti ka ohun tó dà sílẹ̀ yìí, tí à ń pè ní òkú ẹ̀rọ, ká mọ ohun tó pa á, kí irú ikú bẹ́ẹ̀ má tún pa á mọ́.

Àwa méjì là ń ṣe é, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó gùn, ó tín-ín-rín, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Gbogbo ènìyàn níbẹ̀, títí dé àwọn tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ló ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ ọn lórí. Èmi ò lè ṣe é. Ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbìyànjú, ahọ́n mi kọ̀. Bó ṣe di Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn lẹ́nu mi nìyẹn.

Ètò àyẹ̀wò tó fi ń ka òkú ẹ̀rọ ti pẹ́. Nọ́ńbà nìkan ló ń sọ. O máa dárúkọ ojúlé kan fún un, á sọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fún ọ. Nọ́ńbà yẹn á tún jẹ́ ojúlé ibòmíì, wàá tún lọ síbẹ̀. Ó dà bí àlejò tó ń wá ẹnì kan ní Ṣakí tí wọ́n ń rán láti agboolé dé agboolé. Èmi máa ń kánjú, mo máa ń ṣìnà. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn á fi ìdí pẹ́ńsùlù rẹ̀ kan tábìlì.

"Má sáré," á ní. "Òkú ni. Kò níbi tó ń lọ."

Ọdún méjì ló fi kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ìdí ikú ẹ̀rọ kan rí fúnra mi, ó kàn lọ po tíì méjì wá, ó gbé ọ̀kan síwájú mi. Títí dọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń po tíì fún un.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù, mo máa ń pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, Làsísì, á fi alùpùpù gbé bàbá wa láti Ògbóòro lọ sí pósọ́fíìsì Ṣakí, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa retí kí tẹlifóònù dún. Nígbà míì, mo máa ń gbìyànjú fún wákàtí kan kó tó wọlé. Tó bá sì wọlé, bí ẹni pé inú àmù ni bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Bàbá, tí ẹ̀rọ bá kú, èmi ni mo máa ń wo ohun tó pa á."

"Ẹ̀rọ ń kú?"

"Ó ń kú, Bàbá. Tá a bá ti mọ ohun tó ṣe é, a óò jí i."

Wọ́n wá ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo òkú kó máa rántí bẹ alààyè wò." Làsísì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Owó wẹ́wẹ́ tí mo fi ń pè tán lẹ́nu ẹ̀rín náà.

Ètò àyẹ̀wò tuntun dé ní ọdún keje mi. Inú téèpù kan tó rí rìbìtì ló wà, òun àti ìwé ìtọ́sọ́nà tó nípọn. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó fi díẹ̀ jù mí lọ, pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní èmi ni kí n ṣí iṣẹ́ wa látorí ti àtijọ́ sórí èyí. Mo bi í pé Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn ńkọ́.

"Kò nífẹ̀ẹ́ sí i," ó ní. "Ìwọ ṣì kéré. Wàá tètè mọ̀ ọ́n."

Mo tètè mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ni èyí ń sọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó to gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú sílẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ, tòun torúkọ wọn. Mo tẹ òmíràn, ó fi hàn mí iṣẹ́ tó pe iṣẹ́ tó pe iṣẹ́ tó kọsẹ̀. Ohun tó ń gba èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn láti àárọ̀ dọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà. Mo ń dá rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa gan-an." Ó mú òkú ẹ̀rọ kan jáde nínú àpótí téèpù rẹ̀, èyí tó ti fi pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Fún un ní èyí."

Mo fún un. Ètò tuntun kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà ti kú kó tó da ohun inú rẹ̀ tán, ìdajì ló dé orí díìsìkì, ètò tuntun kò sì ní ṣí òkú tí kò bá pé. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn jókòó, ó ṣí ètò àtijọ́. Ìyẹn kò bèèrè bóyá ó pé. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi orí ṣe ìṣirò ohun tó sọnù, nígbà tó di ọ̀sán ó ti rí ohun tó pa á. Kò yangàn. Ó ní, "Kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ," ó sì lọ jẹun.

Mo kọ ọ́. Ìpínrọ̀ kan ni, ìlà mẹ́fà. Mo kọ ọ́ pé bí òkú kò bá pé, ètò àtijọ́ nìkan ló lè kà á, Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni Sátidé tí mo gbàgbé ilé. Mo wà níbi iṣẹ́, àwọn àṣẹ ètò tuntun ni mò ń gbìyànjú wò, mo ní kí n parí ọ̀kan, mo ní kí n parí èkejì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀ ti ń ṣú níta. Lẹ́tà Làsísì dé lẹ́yìn náà. Wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, bàbá wa kírun Àìlà síbẹ̀, wọ́n tún kírun Alàásárì síbẹ̀, akọ̀wé pósọ́fíìsì ní kí wọ́n máa lọ òun fẹ́ tilẹ̀kùn, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni Làsísì kọ ọ́ sí pé ẹsẹ̀ bàbá wa ti wú, pé gbígbé ni òun ń gbé wọn gun alùpùpù báyìí, pé òun ò mọ̀ bóyá wọ́n tún lè wá sí Ṣakí.

Mo lọ bá ọ̀gá wa pé mo fẹ́ lọ wo bàbá mi. Kò kọ̀. Ó ní kí n parí ìṣípòpadà yìí, kí n kọ ìròyìn, òun á sì fọwọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wá bi mí lórí ìdúró:

"Ǹjẹ́ ohun kankan wà tí ti àtijọ́ ń ṣe tí tuntun ò lè ṣe? Tó bá wà, a ó ní láti dúró ká tún wádìí sí i. Ó lè tó oṣù mẹ́ta."

Mo rí bẹ́ǹṣì yẹn lójú mi.

"Kò sí," mo ní.

Mo padà sídìí tábìlì mi, mo yọ ìpínrọ̀ náà kúrò. Kò gbà ju kí n tẹ bọ́tìnnì kan lọ. Mo sọ fún ara mi pé òkú tí kò pé ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ ni, ó ṣọ̀wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé nítorí bàbá mi ni. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Mo ti wá mọ̀ pé òótọ́ méjì lè para pọ̀ kí wọ́n di irọ́ kan.

Kí oṣù tó parí, wọ́n sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn pé kò sí iṣẹ́ fún un mọ́, pé kó tètè lọ sinmi. Wọ́n ra kéèkì. Gbogbo wa fọwọ́ sí káàdì kan. Mo fọwọ́ sí tèmi ní igun kan nísàlẹ̀, kékeré. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ wo bàbá rẹ." Mi ò lè wojú rẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, bí òtútù ṣe ti la ìkángun wọn.

Iwájú ilé ni mo ti bá bàbá mi l'Ógbóòro, lórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àpótí. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn ò gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ará ilé wá, àwọn ará àdúgbò wá, wọ́n ń kí mi kú àbọ̀, kú ewu, mo sì gbọ́ bí ẹnu mi ṣe ń pẹ́ kó tó rí ìdáhùn. Ìyàwó Làsísì ní, "Àǹtí ti ń sọ̀rọ̀ bí àlejò." Àwàdà ló fi ṣe. Mo wọlé, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwa méjì péré ló kù níwájú ilé, mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè bàbá òyìnbó tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Mo ti máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ó wà dáadáa. Dípò ìyẹn, mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀: ìpínrọ̀ náà, ìbéèrè ọ̀gá wa, "kò sí" tí mo sọ, kéèkì, ìka ọwọ́ rẹ̀ tí òtútù ti là.

Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ń dùn wọ́n.

"Nítorí tèmi lo ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu àgbàlagbà?"

"Bàbá, mo fẹ́ wá wò yín ni."

"Mo rí ọ, inú mi dùn. Ṣé o ti wá fi ìdùnnú yẹn sí mi lọ́rùn báyìí?" Wọn ò pariwo. "Tó o bá ti padà débẹ̀, kó o tó ṣe ohunkóhun, lọ bá a. Kó o sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Mo ní mo gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n ní kí Làsísì di òrí sínú ewé, kó fi ike bò ó, pé kí n fún bàbá òyìnbó náà, kó máa fi pa ọwọ́.

Mo padà. N kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ní ó rẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń gbé èèyàn lọ sí àdúgbò rẹ̀, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá, mo padà sílé. Orí fèrèsé mi ni òrí náà wà ní gbogbo àkókò yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rọ kú. A jí i, ó tún kú. Ìdajì ohun inú rẹ̀ ló ń dé orí díìsìkì, ètò tuntun ń kọ̀ ọ́. Mo ṣí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n òkú tó pé nìkan ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kà. N kò mọ ojúlé tí mo máa kọ́kọ́ kàn. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo iléeṣẹ́ ń wò mí. Mo tẹ nọ́ńbà inú òkú náà sórí bébà, ìdì kan gbọọrọ, mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán.

Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo bébà tí mo gbé dání.

"Ṣé ẹ̀rọ ti kú ni?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Òrí bàbá mi wà nínú báàgì mi. N kò lè mú un jáde níbẹ̀ yẹn. Á dà bí ẹ̀bùn ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ó gba bébà náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná. Ó jókòó. Mo dúró. Ó ti àga kan sọ́dọ̀ mi láìgbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi pẹ́ńsùlù fàlà láti nọ́ńbà dé nọ́ńbà. "Wò ó, ibí ló ti já," ó ń sọ. "Tó bá já bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni wàá ti wọlé." Ó kọ́ mi bó ṣe máa ń kọ́ mi tẹ́lẹ̀, gẹ́lẹ́. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kó tó fi pẹ́ńsùlù yí ojúlé kan ká. "Òun nìyí."

Ó ń ká bébà náà pọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. N kò ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i. Mo ní mo kọ ìpínrọ̀ yẹn, mo sì yọ ọ́ kúrò, nítorí mo fẹ́ lọ sílé.

Ó ń bá bébà lọ.

"Ọ̀gá fún mi ní ìròyìn rẹ kà kí n tó lọ," ó ní. "Mo wá ìpínrọ̀ yẹn níbẹ̀. Mo rò pé ojú ìwé kan ló já bọ́. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo nọ́ńbà ojú ìwé."

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé òrí náà kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré tó wà níbẹ̀, mo ní, "Bàbá mi ló ní kí n fún yín, fún ọwọ́ yín." Ó mi orí, ó tilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ jí. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìròyìn tuntun, mo dá ìpínrọ̀ náà padà, mo kọ ẹni tó yọ ọ́ kúrò àti ìdí rẹ̀. Ọ̀gá wa kà á títí dé òpin. Ó ní, "O mọ̀ pé mi ò lè fọwọ́ sí ìgbéga rẹ lọ́dún yìí pẹ̀lú èyí nínú fáìlì." Mo ní mo mọ̀. Ó kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn pé kó máa wá fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn dáhùn pé ó ṣeun, pé òun ti jẹ́ kí ẹ̀wà inú ọgbà òun hù dé ibi tí òun ò lè fi sílẹ̀.

Ní Sátidé, Làsísì gbé bàbá wa dé Ṣakí. N kò mọ bó ṣe ṣe é.

"Ṣé o lọ?" wọ́n ní.

"Mo lọ, Bàbá."

"Lójú ẹsẹ̀ tó o dé?"

Ariwo wà lórí ìlà náà. Mo lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Rárá, Bàbá. Ìgbà tí mo nílò rẹ̀ ni mo lọ."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe bíbẹ̀wò. Padà lọ lọ́jọ́ tí o ò nílò ohunkóhun."

Mo lọ ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́ńkàn wà nínú ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń gbé ọ̀pá ró fún ẹ̀wà. Ó wo ọwọ́ mi bóyá bébà wà níbẹ̀. Kò sí. Ó wò mí títí, ó wá na okùn sí mi. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ inú ilẹ̀ tútù náà, mo ń so ìtàkùn mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí ara padà, ó wo bí mo ṣe ń so ó.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi ni. Iṣu ni tiwọn."

A so ìlà kan tán. N kò bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, òun náà kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Títí di òní kò tíì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, ó dúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

Láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Nílé wa, ọmọ kì í pe orúkọ bàbá rẹ̀ ṣàkàṣàkà, nítorí náà mo sọ bí gbogbo Ògbóòro ṣe ń pè wọ́n.

"Bàbá Làsísì."

Ó gbìyànjú rẹ̀, ó ṣì í. Mo tún un pè fún un, díẹ̀díẹ̀. Ó tún un pè. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀wà ìlà kejì, ó ń tún un sọ sínú ara rẹ̀ bó ṣe ń so okùn, kò sì kánjú.